Ìbọn Tí Mùstàfá Kò Lè Gbé Níwájú Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Tẹ̀dé lónìí tí ẹ béèrè ilé Mùstàfá ọdẹ, ẹni tó máa júwe rẹ̀ fún yín á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe é ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìdíje ìbọn yẹn ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú ló ń pa lẹ́rìn-ín títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àfi Mùstàfá fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń wò bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó gbẹ, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Oko iṣu àti àgbàdo ló fi ń bọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Bó bá wọ igbó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, ó ṣọ̀wọ́n kó padà lọ́wọ́ òfo. Nǹkan kan ṣoṣo làwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a jà sí: kì í bá ẹnikẹ́ni dẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá pè é, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Bí wọ́n bá tún pè é, á ní òun ń san ààwẹ̀ tí òun jẹ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ó dájú pé oògùn tó ní kì í fẹ́ olójú méjì nítòsí. Bẹ́ẹ̀ Mùstàfá ò ní oògùn kankan ju èyí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀fọ́rí lọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń yìnbọn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ló wá burú níbẹ̀, ó jọ pé ẹ ò mọ ìyá rẹ̀. Àwáwù lorúkọ ìyá náà, arúgbó tí ara rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì tún le ju ara náà lọ. Nígbà tí Mùstàfá wà ní kékeré, tó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tó tilẹ̀ na òsì sí lèmọ́mù lọ́jọ́ kan níwájú mọ́ṣáláṣí, Àwáwù ò gbà fún un. Ó fa gèlè rẹ̀ ya, ó fi so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọmọ bá tú u, ìyá á gún ata, á fi pa á níka. Ó ṣe é títí ọ̀tún fi di ohun tí ọmọ náà ń lò fún gbogbo nǹkan lójú ayé.

Nígbà tí ọmọ wá di ọdẹ, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ láti Tẹ̀dé dé Ṣakí, ta ni yóò gba ìyìn rẹ̀ bí kò ṣe Àwáwù? Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí wòlímọ̀ tó máa jókòó sí tí kò ní ròyìn bí òun ṣe tún ọwọ́ ọmọ òun ṣe. Á ní bí kì í bá ṣe gèlè òun ni, ṣé ọwọ́ tó wọ́ yẹn ni ì bá fi máa pa ẹran? Bí Mùstàfá bá gbé ẹran dé, ìyá á pín in káàkiri àdúgbò, á máa sọ lójúlé kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìyí o, kí wọ́n fi han àwọn ọmọ wọn. Mùstàfá á dúró sẹ́bàá ibẹ̀, á máa wo ilẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ púpọ̀púpọ̀, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹni.

Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kì í sì ṣe pé ọkọ sọ fún un, èjìká ọkọ ló tú àṣírí. Ìbọn máa ń ta sẹ́yìn, ó sì máa ń pa èèyàn lára. Nígbà tí obìnrin náà ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tó ń fi òrí pa ọkọ rẹ̀ lára bó bá ti igbó dé, èjìká òsì ló ń bá tó wú, tí ọ̀tún ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí àgbà ọdẹ kan bá kú, tí wọ́n ní kí gbogbo ọdẹ yìnbọn sókè láti fi sin ín, ọ̀tún ni Mùstàfá ń lò níwájú èrò. Ojú ọ̀run tóbi, kò sí ẹni tó lè tàsé rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Ọlátúnjí fi dé. Ọmọ Tẹ̀dé ni Ọlátúnjí, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn kan tó ń fi ìbọn ṣeré. Eré náà ò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kan ló ń ju àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe sókè, ìwọ á sì fọ́ ọ lójú òfuurufú kó tó balẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbé eré náà wálé, kí ọdẹ kan láti Tẹ̀dé àti ọdẹ kan láti Àgọ́-Àrẹ bá ara wọn díje, kí ẹni tó bá borí fa àgbò lọ sílé. Ó ní òun ti gba àṣẹ tó yẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Àgọ́-Àrẹ yan Ògúndèjì lójú ẹsẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu kì í rẹ̀. Tẹ̀dé ò tilẹ̀ ṣe ìpàdé. Olúọdẹ wọn, Bàbá Abọ́dúnrìn, kàn na ìka sí Mùstàfá ni. Kí Mùstàfá tó ráyè sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, ìyá rẹ̀ ti gbọ́ nílé, ó sì ti ń wá okùn tí wọ́n máa fi so àgbò.

Ó wá ku ìbọn. Ọlátúnjí ní ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń lò kò lè ṣiṣẹ́ yìí, nítorí kí iná tó dé inú ẹ̀tù rẹ̀, àwo á ti balẹ̀, á ti máa sinmi. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó to àwọn ìbọn ìdíje tó gbé wá sórí rẹ̀. Òmíràn ní ẹnu méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òmíràn ní ẹnu méjì tí ọ̀kan gun èkejì lórí, igi ìdí wọn sì ń dán gbinrin. Olúọdẹ ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ti pa rí. Ọlátúnjí ní àwo ni. Olúọdẹ ní èyí ńkọ́? Ó ní àwo náà ni. Bàbá fajú ro. Ó ní ìbọn tí kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí à ń lọ?

Ọlátúnjí fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní a kì í fi ẹran yan ìbọn ìdíje, ara ẹni la fi ń yàn án. Kí èèyàn di ojú, kí ó gbé e sí èjìká, kí ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi rẹ̀, kí ó wá la ojú. Bó bá jẹ́ pé ibi tí o fẹ́ wò ni ẹnu ìbọn náà ń wò, ìwọ ló ni ín. Bó bá di pé ò ń na ọrùn tàbí ò ń fún èjìká pọ̀, gbé e sílẹ̀, tẹlòmíràn ni. Ògúndèjì gbé ẹyọ kan, ó di ojú, ó la ojú, ó ní òun ti rí ìyàwó. Ó gbé e lọ sábẹ́ igi kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìbọn kan wà ní ìparí ẹní tí igi ìdí rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ òdì. Ọlátúnjí ní kí wọ́n má wo ìyẹn, àwọn tó ń fi òsì yìnbọn ni wọ́n ṣe é fún, inú àpótí kan náà ló bá àwọn yòókù wá. Ẹ̀rín pa àwọn ọdẹ. Wọ́n ní ta ni yóò dúró níwájú àgbà tí yóò máa nawọ́ òsì síbọn? Olúọdẹ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun bò ó lójú, kó má baà kó ìwàkíwà ran àwọn tó kù.

Ojú Mùstàfá kò kúrò lára ìbọn náà láti ìgbà tó ti rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó gbé àkọ́kọ́, ó di ojú, ó la ojú, ó bá ẹnu ìbọn tó ń wo ilé ìdáná ará ibòmíràn. Ó ní èyí ń rùn epo. Ó gbé èkejì, ó ní ó fúyẹ́ jù, bí ẹni pé wọn ò fún un lóúnjẹ. Ó gbé òmíràn, ó ní èyí ń tijú òun. Bó ṣe ń wí àwáwí yìí ni àwọn àgbà ń mi orí, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹ ò rí i bí ẹni tó mọ̀ ṣe ń ṣe. Ògúndèjì pàápàá dẹ́kun ìbọn nínù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbóòórùn tirẹ̀.

Nígbà tí àwáwí tán, Mùstàfá ní oòrùn ti ń pa èyí tí wọ́n fi àpò bò, kí òun sún un sí ibòji. Ohun tó ní lọ́kàn gan-an náà nìyẹn, mo lè búra fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ìbọn náà tán, ara rẹ̀ ò bi í léèrè mọ́. Èjìká òsì gbà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sùn lé e, nígbà tó sì la ojú, ewé máńgòrò kan tó dá wà lókè ẹ̀ka ni ẹnu ìbọn ń wò, ibẹ̀ gan-an lọkàn tirẹ̀ náà wà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó rántí ara rẹ̀, ó sọ ìbọn náà kalẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Olúọdẹ bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kòkòrò ni. Ó wá mú ọ̀kan nínú àwọn aláràbarà tó kù, ìbọn tó dára fún gbogbo èèyàn ayé àfi òun.

Ìgbáradì bẹ̀rẹ̀, ìtìjú náà bẹ̀rẹ̀. Àwo ń fò kọjá, ó ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́, Mùstàfá sì ń yìnbọn sí ibi tí kò sí nǹkan. Olúọdẹ ló ń bá a ṣàlàyé fún àwọn tó wá wòran. Ó ní ó ń fi àwo náà ṣeré ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ń fi ọkàn Àgọ́-Àrẹ balẹ̀ ni kí wọ́n má baà múra. Nígbà tó yá, Bàbá náà ò wá wòran mọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Sọ̀fíyàt ló lọ bá Ọlátúnjí lẹ́yìn tí kò lè gba èyí tó ń rí mọ́. Ó tú gbogbo rẹ̀ síta fún un, ó sì mú un búra. Ní ọjọ́ kejì, Ọlátúnjí, tí kì í jẹ́ kí ìbọn kúrò lójú rẹ̀, bá tọkọtaya náà lọ sí oko wọn lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ó gbé ìbọn tí wọ́n fi àpò bò yẹn dání. Sọ̀fíyàt dúró láàárín ebè iṣu, ó ń ju ìdérí ìkòkò tó ti fọ́ sókè. Èyí tó jù sọ́tùn-ún, ọkọ rẹ̀ fọ́ ọ. Èyí tó jù sósì, ó fọ́ ọ. Ó ju méjì pọ̀, méjèèjì di ìyẹ̀fun. Ọlátúnjí ṣí fìlà lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn yín nìyí," ni ó wí.

"Kì í ṣe tèmi," ni Mùstàfá dá a lóhùn. "Ìyá mi máa jókòó níwájú."

Sọ̀fíyàt gbọn eruku lọ́wọ́. "Bàbá Waheedat, bí ẹ bá wá fi ọ̀tún yìn ín, kí ni Ìyá máa rí?"

"Wọ́n á rí i pé mo tàsé. Èmi nìkan nìyẹn máa tẹ́."

Ó gbà gbọ́ pé òótọ́ lòun sọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, kò bá a jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún Ọlátúnjí pé kó rí i pé ìbọn náà ò gbélé lọ́jọ́ ìdíje.

Ọjọ́ ìdíje pé. Pápá ẹ̀yìn ìlú kún, àwọn ará Àgọ́-Àrẹ ti kún ọkọ̀ dé pẹ̀lú ìdùnnú tó ń bí èèyàn nínú. Wọ́n gbé àga fún Àwáwù sí iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúọdẹ, ó sì ti fọ́nnu dé ibi tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbẹ. Obìnrin Àgọ́-Àrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Jùmọ̀kẹ́ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ìtàn gèlè àti ata láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ògúndèjì ló kọ́kọ́ yìn. Tí ọdẹ bá ti ké pé "Ó yá," ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á ju àwo. Ó fọ́ púpọ̀ nínú tirẹ̀, ìwọ̀nba ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba fún èrò, ó tẹrí ba fún ìbọn rẹ̀.

Ó kan Mùstàfá. Ó gbé ìbọn aláràbarà sí èjìká ọ̀tún, ó ké pé ó yá. Àwo fò, ìbọn dún, àwo balẹ̀ sínú koríko láìfọ́. Àwáwù yíjú sẹ́yìn, ó sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun ń wo ojú afẹ́fẹ́ ni. Èkejì náà balẹ̀ ní àlàáfíà. Ìyá ní àlejò ni Àgọ́-Àrẹ, ọmọ òun ń ṣe wọ́n lálejò ni. Ẹ̀kẹta balẹ̀ sí iwájú Olúọdẹ gan-an, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àwo tí wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ sí.

Jùmọ̀kẹ́ ló sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi ohùn ọ̀wọ̀ sọ ọ́, gbogbo èèyàn sì gbọ́. "Ìyá, ó jọ pé ọwọ́ tí ẹ tún ṣe yẹn ti tún bàjẹ́."

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ará Tẹ̀dé náà rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín. Mùstàfá yíjú, ó retí pé ìyá òun máa fún obìnrin náà lésì tí kò ní gbàgbé. Ńṣe ni ìyá fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú ojú, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì kéré sínú àga náà. Mùstàfá ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó dùn ún wọnú egungun. Ibẹ̀ ló ti yé e pé kì í ṣe òun ni ẹ̀rín yẹn ń pa. Gbogbo ọdún tó fi ń fi nǹkan pamọ́ kí ìyá rẹ̀ má baà tẹ́, òun náà ló wá tẹ́ ẹ yìí lójú èrò.

Ó gbé ìbọn aláràbarà lélẹ̀. Ó lọ sídìí ẹní Ọlátúnjí, ó ṣí àpò ìyẹ̀fun, ó gbé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rìn wá síwájú àga méjèèjì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, Ìyá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Òsì ni mo fẹ́ lò."

Ó dìde, ó gbé ìbọn sí èjìká òsì, ó ké, àwo fò, ó fọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí eérú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, wọn ò mọ̀ bóyá ó tọ́. Mùstàfá yíjú padà sí àwọn àgbà, ó tún tẹrí ba, ó ní ẹ má bínú, òsì ni. Ó fọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ó tún yíjú, ó tún bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ò mọ èyí tó jẹ́ àmì mọ́ láàárín "ó yá" àti "ẹ má bínú," ló bá ju àwo kan nígbà tí Mùstàfá ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mùstàfá gbọ́ ìró rẹ̀, ó yí orí, ó yìn ín láti orí eékún. Àwo fọ́. Pápá wá hó gèè, Tẹ̀dé pẹ̀lú Àgọ́-Àrẹ.

Olúọdẹ gbọ́wọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. "Mùstàfá, a ti gbà á," ni ó wí. "Àwo tó ń fò kì í ṣe àgbà. Má kí i mọ́."

Kò tàsé ọ̀kan mọ́ títí ó fi tán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi ọ̀tún ṣòfò ti lọ, kò sì sí bí a ṣe lè pè wọ́n padà. Àwo kan ṣoṣo ni Ògúndèjì fi ṣíwájú rẹ̀. Ògúndèjì fa àgbò lọ, ṣùgbọ́n kò fọ́nnu, nítorí àwọn ará ìlú rẹ̀ pàápàá ti lọ pagbo yí Mùstàfá ká, wọ́n ń ní kó jẹ́ kí àwọn rí ọwọ́ náà.

Ọ̀kadà gbé Àwáwù dé ilé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí Mùstàfá wá jókòó níwájú òun.

"Láti ìgbà wo?" ni ó bi í.

"Láti ìgbà tí mo ti ń yìnbọn ni, Ìyá."

"Gbogbo ẹran tó o ti pa?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìyá ronú díẹ̀. "Ìgalà ọdún Iléyá, tí mo gbé orí rẹ̀ dé ilé lèmọ́mù, tí mo ní kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún?"

"Òsì ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mùstàfá rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó wá rí i pé ẹ̀rín ni. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ̀rín tán. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nígbà tí mo ń fi ata sí i, ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, Ìyá. Ó dùn mí gan-an."

"Dárí jì mí, ọmọ mi. N ò mọ̀ pé òun ló máa bọ́ mi."

Sọ̀fíyàt gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ wá sáàárín wọn, ó fi omi ìfọwọ́ sílẹ̀. Ara Mùstàfá fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí láti kékeré. Ó fọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sínú ọbẹ̀ láti mú ẹran.

Ìyá gbá ọwọ́ náà kí ó tó débẹ̀.

"Ìbọn ni mo gbà fún ọ," ni ó wí. "Mi ò mẹ́nu ba oúnjẹ."